Ògúnmọ́lá, Aládùúgbò Wa Oṣù Mẹ́fà

Ní Ajíbọ́dẹ, ẹni tó bá fẹ́ fi hàn pé òun kì í ṣe àtọ̀húnrìnwá, ọ̀pẹ ló máa ń kà. Yóò nawọ́ sí ilé alájà kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì háyà láti òkè dé ilẹ̀, yóò ní, "Ọ̀pẹ mẹ́ta ni wọ́n wú kí wọ́n tó ríbi kọ́ ìyẹn." Yóò tún tọ́ka sí ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí, yóò ní ibẹ̀ ni adẹ́mu máa ń sọ agbè kalẹ̀ sí láàárọ̀. Abúlé oko ni wá kí Yunifásítì Ìbàdàn tó wá di aládùúgbò wa. Lónìí, oko ti di ilé, igbà ti kúrò lára ògiri, ẹni tó bá sì fẹ́ mu ẹ̀mu tí wọn kò bomi là, àfi kó mọ ẹni tó mọ ẹlòmíràn.

Èyí ló fi ń dùn mí pé eré ẹ̀mu tó lókìkí jù lọ lórí ìtàgé Yorùbá, ẹ̀yìn ilé wa níbí ni wọ́n ti dáná rẹ̀, àwọn ọmọ wa kò sì mọ̀. Lánkẹ́ Ọ̀mu ni mo ń wí. Arts Theatre tó wà nínú Yunifásítì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1963. Kọ́lá Ògúnmọ́lá ni Lánkẹ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ eré dunjú, tí wọ́n rí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò yé sọ pé bó bá di ká jẹ́ ẹlòmíràn lójú èèyàn, kò sí ẹni tó tó o ní ìran rẹ̀. Mo ti gbìyànjú láti ro ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún èmi tí mi ò rí i rí, tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ka èyí náà kò sì rí i.

Ọmọ Òkèmẹ̀sí ní ilẹ̀ Èkìtì ni. 1925 ni wọ́n bí i. Iṣẹ́ tíṣà ló kọ́kọ́ ṣe, bíi ti ọ̀pọ̀ ẹni tó rí ìwé kà láyé ìgbà náà. Hubert Ògúndé, tó ti jẹ́ ọlọ́pàá rí, ti fi han gbogbo ayé pé èèyàn lè fi eré jẹun, kó fi bọ́ ìyàwó, kó sì fi ra mọ́tò. Ògúnmọ́lá rí i, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, ní 1947 òun náà dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó kó lọ sí Òṣogbo, ibẹ̀ ló sì fi ṣe ibùdó.

Eré ayé ìgbà náà kò tíì jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìtàn inú Bíbélì, àwọn akọrin tó tò lẹ́sẹẹsẹ, orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ògúnmọ́lá kò pa orin tì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára èèyàn: bí olówó ṣe ń jókòó, bí obìnrin tó ń bínú ṣe ń ká ìró rẹ̀, bí ẹni tó ń purọ́ ṣe ń wá ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí. Ògúndé a máa fi eré bá àwọn aláṣẹ wí títí tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1964 nítorí eré Yorùbá Ronú. Inú ilé ni Ògúnmọ́lá ní tirẹ̀ ń wò. Nínú eré rẹ̀, Ìfẹ́ Owó, ọkùnrin kan fẹ́ ìyàwó lé ìyàwó, owó rẹ̀ sì ni ìyàwó tuntun bá wá. Kò sí ẹni tó wò ó tí kò ní irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ládùúgbò. Mo gbà pé iṣẹ́ tíṣà ló kọ́ ọ ní èyí. Olùkọ́ tó bá dúró níwájú ọmọ fún ọdún pípẹ́, kò ní pẹ́ mọ ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹni tó fẹ́ sùn, àti ohun tí yóò gbé orí àwọn méjèèjì sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní 1962 ni Yunifásítì Ìbàdàn dá Ilé-ẹ̀kọ́ Eré Oníṣe sílẹ̀ pẹ̀lú owó tí àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà fi ràn wọ́n lọ́wọ́. Geoffrey Axworthy, òyìnbó tó ń kọ́ni níbẹ̀, ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Owó Rockefeller yìí kan náà ni wọ́n fi pe Ògúnmọ́lá láti Òṣogbo pé kó wá lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí, nítorí ibí yìí ni ìtàn náà ti dùn mọ́ mi jù. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì ni ọkùnrin yìí. Ó ti fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún darí ẹgbẹ́ eré. Ó ti kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀ láti ìlú dé ìlú, ó ti ṣe eré nínú gbọ̀ngàn tí iná kò sí, níwájú èrò tó jẹ́ pé bí nǹkan kò bá dùn mọ́ wọn, ariwo ni wọn yóò fi lé e sọ̀kalẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ tún wá jókòó gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn kan á ní Yunifásítì ló sọ ọ́ di nǹkan. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ti jẹ́ nǹkan kó tó gba géètì wọlé. Ohun tí wọ́n fún un ni àyè, iná ìtàgé, àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń ya ìtàgé àti bí wọ́n ṣe ń rán aṣọ eré, àti oṣù mélòó kan tí kò fi ní ronú nípa owó epo ọkọ̀. Ohun tí òun náà fún wọn kò kéré. Ó jẹ́ kí àwọn tó ń kọ́ eré láti inú ìwé rí ẹni tó ń ṣe é láti inú ẹran ara. Ẹni tó kọ́ èkejì nínú àwọn méjèèjì, mi ò lè dá a lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n ìtìjú kò sí nínú pé àgbà jókòó kọ́ṣẹ́, ògo sì ni fún ilé-ẹ̀kọ́ tó mọ ẹni tó yẹ kó pè.

Ìwé tí wọ́n mú láti fi ṣe Lánkẹ́ Ọ̀mu ni ti òǹkọ̀wé Amos Tútùọlá, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní London ní 1952. Ẹni tó bá kà á mọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Bàbá kan rí i pé ọmọ òun kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju ẹ̀mu mímu lọ, ó fún un ní oko tí ọ̀pẹ inú rẹ̀ jẹ́ 560,000, ó sì gba adẹ́mu kan fún un. Agbè 150 ni adẹ́mu yìí ń gbé wálé láàárọ̀, 75 ní ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kan adẹ́mu jábọ́ láti orí ọ̀pẹ, ó kú. Ọ̀mu wá ẹlòmíràn, kò rí ẹni tó lè dá a bíi ti ẹni àkọ́kọ́. Ló bá gbéra, ó di ìlú àwọn òkú.

Ògúnmọ́lá gba ìtàn yìí lọ́wọ́ Tútùọlá, ó sọ ọ́ di tirẹ̀. Ó fún ọ̀mu náà lórúkọ, Lánkẹ́. Ó kó o kúrò nínú Gẹ̀ẹ́sì tí Tútùọlá fi kọ ọ́, ó dá a padà sí Yorùbá. Ó sì sọ gbogbo ìrìn-àjò ìlú òkú náà di àlá: ọtí ló pa Lánkẹ́ sùn láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ojú oorun ló ti rí gbogbo rẹ̀. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé àlá yẹn bu ìtàn náà kù, pé ohun tí Tútùọlá fi sí ayé gidi kò yẹ kó di àlá ọ̀mùtí. Mo rò pé òye òṣèré ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí òǹwòran bá òun lọ sí ìlú òkú, kí wọ́n sì bá òun padà sílé lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ó gbọ́dọ̀ wá ilẹ̀kùn tí wọn yóò bá jáde. Demas Nwoko ló ya ìtàgé náà, tó sì ṣe aṣọ àti ìwò àwọn iwin inú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni Nwoko nígbà náà. Ní 2023, wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ wúrà ní Venice ní Ítálì fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀ nínú ilé yíyà. Nítorí náà ẹ wo irú ọwọ́ tó pàdé nídìí agbè ẹ̀mu kan ṣoṣo: Ògúnmọ́lá ọmọ Òkèmẹ̀sí, Tútùọlá ọmọ Abẹ́òkúta, Nwoko ọmọ Idumuje-Ugboko, nínú ọgbà tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé láti Ajíbọ́dẹ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan, tó fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ gé koríko nínú Yunifásítì, rí Lánkẹ́ Ọ̀mu nígbà tí wọ́n gbé e kiri ìgboro. Kò lè sọ ìtàn eré náà tán láìdìde. Bó bá ti dé ibi tí Lánkẹ́ gbọ́ pé adẹ́mu òun ti kú, yóò fi àga sílẹ̀, yóò dúró lórí ẹsẹ̀ kan, yóò fi ọwọ́ ọ̀tún wá ògiri tí kò sí níbẹ̀. A máa ń rẹ́rìn-ín. Òun kì í rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún mi pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ọtí kò kan ọkùnrin yẹn lẹ́nu. Àwa tí à ń wò ó ni ọtí ń pa." Mo ti ka ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé kọ nípa Ògúnmọ́lá. Kò sí èyí tó yé mi tó gbólóhùn méjì yẹn.

Iṣẹ́ òṣèré orí ìtàgé le ju bí a ṣe ń rò ó lọ, nítorí kò ní ohun tó ń kó pa mọ́. Akọ̀wé ń fi ìwé sílẹ̀, agbẹ́gilére ń fi ère sílẹ̀, aláró náà ń fi aṣọ sílẹ̀. Òṣèré ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán ní alẹ́, iná kú, èrò lọ, kò kù nǹkan kan nílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ara yẹn kan náà ni yóò tún gbé lọ sí ìlú mìíràn, ìbáà rẹ̀ ẹ́, ìbáà ń gbóná. Adẹ́mu inú eré rẹ̀ gan-an ló jọ jù. Ọ̀pẹ lè pọ̀ tó 560,000, kí ẹ̀mu kún inú gbogbo wọn, ara kan ṣoṣo ló mọ bí wọ́n ṣe ń gun òkè lọ gbé e wá. Ọjọ́ tí ara yẹn bá jábọ́, ọ̀pẹ ṣì wà lóòró níbẹ̀.

Ayé ti ń wá ọ̀nà láti kó iṣẹ́ òṣèré pa mọ́ nígbà tí Ògúnmọ́lá wà láyé. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, Ògúnmọ́lá sì wà lára àwọn tí wọ́n ń pè síbẹ̀ wá ṣeré. Ó gbà bẹ́ẹ̀ di òṣèré inú ẹ̀rọ pẹ̀lú ti ìtàgé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ eré tẹlifíṣọ̀n ìgbà náà, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ló ń jáde, ó sì ti lọ. Téèpù wọ́n gógó, èyí tí wọ́n bá sì gba eré sí, wọn a máa gba nǹkan mìíràn lé e lórí. Ní ti sinimá, 1976 ni Àjànì Ògún jáde, èyí tí Ọlá Balógun darí, tí Adé Fọláyan sì kópa tó gbajúmọ̀ nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ tẹ̀lé sinimá Yorùbá káàkiri. Ògúndé bọ́ sí i. Moses Ọláìyá tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Sàlá náà bọ́ sí i. Ògúnmọ́lá ti kú ní 1973. Ọdún mẹ́ta péré ló là wọ́n láàárín. Kò sí ìgbà tí mo ronú kan ọdún mẹ́ta yìí tí kò dùn mí.

Kí ó tó kú, ó gbé Lánkẹ́ dé ibi tó jìnnà. Ní oṣù keje ọdún 1969, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń jà nílé, Lánkẹ́ Ọ̀mu wà lára ohun tí Nàìjíríà gbé lọ sí àjọ̀dún àṣà gbogbo Áfíríkà tí wọ́n ṣe ní Algiers, olú-ìlú Àlgéríà. Ẹ fojú inú wò ó: àwọn ọmọ Áfíríkà láti ìlú tí kò mọ ọ̀pẹ ẹ̀mu rí, tí wọn kò gbọ́ Yorùbá, tí wọ́n ń wo ọkùnrin kan tó ń wá adẹ́mu rẹ̀ ní ìlú òkú. Èdè kò lè gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Ara ló gbé e dé ibẹ̀. Kò pẹ́ sí i ni àìsàn líle kọlù ú, kò sì gbádùn ara rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún. Dúró Ládiípọ̀, òṣèré tó jẹ́ alábàágbé rẹ̀ ní Òṣogbo, náà kò dàgbà darúgbó nígbà tó kú ní 1978. Iṣẹ́ yẹn a máa jẹ èèyàn.

Ohun tó bọ́ sí wa lọ́wọ́ nínú Lánkẹ́ Ọ̀mu, ìwé kan ni. Ní 1968, Ilé-ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ọ̀rọ̀ eré náà jáde ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Robert Armstrong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ Yorùbá ni wọ́n jókòó ti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, tí wọ́n ń kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni tó mọ bí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń gba sùúrù yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ti ka ìwé náà. Orin wà níbẹ̀, ìdáhùn wà níbẹ̀, a rí ibi tí ẹnì kan wọlé àti ibi tí ẹlòmíràn jáde. Ẹsẹ̀ kan tó dúró nígbà tí ìròyìn ikú dé, ọwọ́ tó ń wá ògiri, kò sí níbẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò bá dìde lórí àga, mi ò bá tí mọ̀ pé ó wà rí.

Nítorí náà ni mo fi ń fi ojú ìlara wo àwọn òṣèré tó bọ́ sí ìgbà tó dára. Kọ́lá Oyèwọ̀ darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ eré Oyin Adéjọbí ní 1964, ọdún kan lẹ́yìn tí Lánkẹ́ wọ Arts Theatre. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni òun náà jáde: ọkọ̀ akẹ́rù, gbọ̀ngàn ìlú, èrò tí kì í dárí jini. Ọdún márùndínlógójì lẹ́yìn náà, ní 1999, ó ṣe ọba Lápité nínú fíìmù Ṣaworoidẹ tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání sì darí. Adébáyọ̀ Fálétí, tó ti wà ní WNTV láti àárọ̀ ọjọ́ rẹ̀, ṣe Bàbá Ọ̀pálábá níbẹ̀. Fálétí ti lọ ní 2017, síbẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ní Ajíbọ́dẹ lè ṣí fóònù ìyá rẹ̀ lálẹ́ òní kó rí bí bàbá náà ṣe ń fi òwe gún ọba lára. Ẹ wo ojú Lápité dáadáa nígbà tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Kì í ṣe kámẹ́rà ló kọ́ ọ ní ìyẹn. Ọ̀pọ̀ ohun tó mú kí àwọn àgbà wọ̀nyí kún ojú fíìmù, orí ìtàgé ni wọ́n ti kó o wá, láàárín òru tí ẹnì kankan kò gbà sílẹ̀.

Mo ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi fóònù ya eré ní àdúgbò wa, ní ẹ̀gbẹ́ títì, ní iwájú ilé tí wọn kò tíì rẹ́. Àwọn mìíràn nínú wọn mọ̀ ọ́n ṣe gan-an. Inú mi ń dùn sí wọn. Wọ́n ní ohun tí Ògúnmọ́lá kò ní: bí wọ́n bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó wà títí. Ohun tí mo ń bẹ̀rù fún wọn ni pé wọ́n ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan lóòótọ́. Ògúnmọ́lá ṣe Lánkẹ́ fún ọdún púpọ̀. Ó ṣe é fún ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ṣe é fún alágbàṣe, ó ṣe é fún àlejò tí kò gbọ́ èdè, èrò kọ̀ọ̀kan sì kọ́ ọ ní ibi tó yẹ kó dúró díẹ̀ sí i àti ibi tó yẹ kó tètè kọjá. Ọmọ tó ya eré rẹ̀ láàárọ̀, tó gbé e sí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sán, kò pàdé ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ìyẹn. Iye ẹni tó tẹ bọ́tìnnì ni yóò rí. Kò ní gbọ́ bí ẹ̀rín wọn ṣe pẹ́ tó.

Yunifásítì ṣì wà níbẹ̀. Arts Theatre ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀ka eré oníṣe tó jáde láti inú ilé-ẹ̀kọ́ 1962 yẹn ṣì ń kọ́ ọmọ, àwọn ọmọ náà sì ń sùn ní ilé wa, wọ́n ń ra ẹ̀wà àti búrẹ́dì lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn tó ń darí rẹ̀ ni pé kí wọ́n gbé Lánkẹ́ Ọ̀mu padà sórí ìtàgé yẹn, ní èdè Yorùbá tí Ògúnmọ́lá fi ṣe é, kí wọ́n sì ya alẹ́ kan sọ́tọ̀ fún àwọn ará Ajíbọ́dẹ, Ṣáṣá, Orógùn àti Apẹ́tẹ̀, láìgba owó ìwọlé lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí yóò ṣe Lánkẹ́ lónìí kò ní dà bí Ògúnmọ́lá. Kò sí ẹni tó ń retí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tíṣà láti Òkèmẹ̀sí náà kò bí ara rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ yẹn. Ẹnì kan ló rí Ògúndé, tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ lára.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀dọ́ tó jẹ́ ẹni ogún ọdún ní 1963 ti lé ní ọgọ́rin báyìí. Bí irú wọn bá wà nílé yín, ẹ bi wọ́n léèrè ní ọ̀sẹ̀ yìí bóyá wọ́n rí Ògúnmọ́lá rí. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fẹnu nìkan sọ ọ́. Ẹ ní kí wọ́n dìde fi hàn yín, kí ẹ sì gbà á sórí fóònù.